Bí Mo Ṣe Ru Aṣọ Òkú Ọdẹ Lọ sí Ìlú Ìkanra Nítorí Tàdáwà

Ẹ jókòó bí ẹ bá fẹ́ jókòó. Bí ẹ kò bá sì fẹ́, ọ̀nà tí ẹ gbà wá kò tíì dí. Èmi kò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹ kó ara yín jọ síwájú ilé mi bí eṣinṣin tí ó gbóòórùn ẹran, ẹ jẹ iṣu mi, ẹ mu omi àmù mi, ẹ wá ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí pé kí àgbà ọdẹ la ẹnu. Kí ni n óò wí fún irú yín? Ẹni tí ẹkùn kò lé rí, bí a bá ń ròyìn ẹkùn fún un, oorun ni yóò máa sùn.

Àdìgún! Ìwọ tíṣà tí o fara pamọ́ sẹ́yìn òpó yẹn, kí ni o ń fi itọ́ ra láyà? Súnmọ́ iná kí n rí i. Hẹ̀n-ẹ́n. Báírò ló tú sí ọ lápò ẹ̀wù funfun, o wá ń fi itọ́ ra á bí ọmọdé tí oorun ń kùn.

"Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, Bàbá."

Ẹ gbọ́ ọ? Ó ń lọ lóòótọ́: ó ń lọ sí apá, ó ń lọ sí ikùn. Nígbà tí o wọlé, kò ju orí ìṣó lọ. Ó ti fẹ̀ tó ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀ kí n tó fi ìrùkẹ̀rẹ̀ nà ọ́!

"Ẹ̀wù lásán nìyẹn," ni Ìyá Mọ́ṣù wí, òun tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Bàbá, ẹ má torí ẹ̀wù pa ọmọ ọlọ́mọ."

Ẹ̀wù lásán? Ìyá Mọ́ṣù, bí ọgbọ́n bá jẹ́ ẹran ni, egungun nìkan ni wọn ìbá bù fún ọ. Tàdáwà tí ó dà sí aṣọ kan ṣoṣo ló gbé mi dé ibi tí baba ńlá yín kò lè lá àlá rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí tàdáwà yẹn gbé àbúrò mi lọ sọ́run. Ẹ pa ẹnu yín mọ́ kí ẹ fi etí jẹun.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, èmi Ọdẹ́gbàmí, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Bí mo bá wo ẹfọ̀n lójú, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí yóò gbé ìwo rẹ̀ kalẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ìbọn kọ́ ni mo fi ta gbogbo ọdẹ yọ, ẹnu ni. Ẹnu mi dùn ju oyin ìgàn lọ. Bí mo bá kí àwọn tí ń jà, ọwọ́ wọn á rọ. Bí mo bá kí ọlọ́fọ̀, á rántí jẹun. Àwọn àgbà ló wí i pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Obì tí ẹnu mi yọ nígbà náà kò lónkà. Ẹ ń wo ara yín? Ẹ máa wo ara yín lọ. Ẹ ó gbọ́ ibi tí adùn náà gbé wọlẹ̀.

Mo ní àbúrò obìnrin kan, Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, ọmú kan náà ni a jọ mu. Ògúnjìmí ló fẹ́ ẹ, ọdẹ bíi tèmi, ẹni tí a jọ ń wọ igbó. Inú rírun kan báyìí mú Ògúnjìmí, a sin ín.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ọdẹ kò mọ̀ pé sísin kọ́ ni òpin òkú ọdẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́nà igbó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe ìṣípà fún un: a ó gbẹ́ igi ní àwòrán rẹ̀, a ó wọ̀ ọ́ láṣọ, a ó gbé e dé ẹnu igbó, a ó sì wí fún un pé kí ó máa lọ, kì í ṣe ẹgbẹ́ wa mọ́. Ní ìlú tiwa, kíjìpá funfun tí ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ni a fi ń wé igi náà. Aṣọ yẹn kò gbọdọ̀ lábàwọ́n, nítorí òkú kò ríran lọ́nà ọ̀run. Funfun aṣọ ni fìtílà tí ó fi ń rìn.

Àwẹ̀ró hun ún tán, ó ká a lé orí àpótí ọkọ rẹ̀. Ni Àkànó àti Àlàó, àbúrò Ògúnjìmí méjèèjì, bá wọ yàrá láti pín ogún. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Wọ́n mú akọ̀wé kan lẹ́yìn pé kí ó wá kọ ẹni tí ìbọn kàn sílẹ̀. Akọ̀wé gbé ìgò tàdáwà rẹ̀ lé orí àpótí, ẹ̀gbẹ́ aṣọ gan-an.

"Èmi ni mo tẹ̀ lé olóògbé," ni Àkànó wí. "Èmi ni mo ni ìbọn."

"Ìwọ?" ni Àlàó dá a lóhùn. "Ìwọ tí ìbọn bá dún ní ìlú kejì tí o máa ń sá wọ abẹ́ ibùsùn? Ìbọn ni yóò yìn ọ́, ìwọ kọ́ ni yóò yìn ín."

"Ta ni ò ń bá wí bẹ́ẹ̀, ọmọ ìkẹyìn tí wọ́n fi ìyókù amọ̀ mọ?"

Wọ́n so mọ́ra. Ìdí Àlàó gbá àpótí, ìgò ṣubú, tàdáwà sì dà gbàà sí àárín kíjìpá funfun. Nígbà tí Àwẹ̀ró kígbe wọlé, kálukú ń nawọ́ sí ẹnìkejì rẹ̀, akọ̀wé sì ti bá ojú fèrèsé lọ.

Ìbá ṣeé tún ṣe nígbà náà bí a bá pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ìyá Ọ̀ṣúnlékè aláró ni wọ́n pè. Ó dé, ó ká apá aṣọ sókè, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró dé ìgúnpá.

"Ẹ yé pariwo," ni ó wí. "Ta ló pẹ́ nídìí aṣọ jù mí lọ ní ìlú yìí? Kò sí ohun tí omi eérú kì í mú. Ẹ gbé e kaná."

Àṣìṣe tí aláró nìkan lè ṣe nìyẹn. Omi eérú ni aláró fi ń mú kí aró di mọ́ aṣọ, kí òjò má lè ṣí i, kí oòrùn má lè ṣí i. Ohun tí a fi ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ ni obìnrin yìí wá gbé dání pé òun fi fẹ́ lé ewúrẹ́. Ó sè é, ó gún un, ó ra á. Nígbà tí ó fi ọ̀pá gbé aṣọ sókè, àbàwọ́n tí ó tó àtẹ́lẹwọ́ tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀ tó àtẹ ìyá elépo, ó dúdú, ó ń dán, ó rán mọ́ òwú bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Àsìkò náà gan-an ni Àwẹ̀ró fi igbe ta. Ìka rẹ̀ kékeré ti dúdú. A fọ̀ ọ́, kò lọ. A wò ó títí, ó gòkè dé ọrùn ọwọ́.

Olúọdẹ wa wò ó, ó mi orí. "Ògúnjìmí ń wá aṣọ tí yóò wọ̀ lọ," ni ó wí. "Kò rí aṣọ, ó wá di ọwọ́ tí ó hun ún mú. Bí dúdú yìí bá dé oókan àyà, a jẹ́ pé Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ni yóò fi ṣe aṣọ. Ìlú kan ṣoṣo ni mo gbọ́ tí tàdáwà kò ti lágbára: Ìlú Ìkanra, lẹ́yìn Igbó Ìrànká. Ta ni yóò gbé aṣọ yìí lọ?"

Àkànó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àlàó rántí pé òun dẹ pàkúté sílẹ̀. Mo wo ojú àbúrò mi, mo di aṣọ náà lérù, mo gbé e rù. Bí ẹni kan bá ti rò nínú yín pé ẹ̀rù bà mí, kí ó fi ọ̀rọ̀ náà sí abẹ́ ahọ́n rẹ̀ kí ó gbé e mì.

Igbó Ìrànká! Ibi tí igi kì í sọ̀rọ̀ sí atẹ́gùn, tí ẹyẹ ń fi ẹsẹ̀ rìn nítorí ìtìjú. Mo rìn dé àárín rẹ̀, mo rí ohun kan nílẹ̀ tí kò ju imí àgbọ̀nrín lọ, dúdú kirikiri. Mo ní kí n ré e kọjá, ó fò sókè ó dí ọ̀nà mọ́ mi.

"Àna òkú," ni ó pè mí, "ìwọ ni o ń bọ̀ wá pa ìran mi run? Èmi ni Ìrànká, baba gbogbo àbàwọ́n. Lù mí!"

Ẹni tí ó ní kí a lu òun, a kì í dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi kùmọ̀ gbá a. Ó fẹ̀ tó ẹní. Mo tún gbá a, ó fẹ̀ tó àgbàlá. Mo yìnbọn lù ú, ó gbé igi ìrókò mì, igi náà dúdú láti gbòǹgbò dé ewé. Ó ń rẹ́rìn-ín! "Lù mí sí i, akin! Fi gbogbo agbára rẹ lù mí, ìwọ tí ọwọ́ rẹ yá ju orí rẹ lọ!" Mo fi ẹsẹ̀ ra á mọ́lẹ̀, bí mo ti ń ra á ni ó ń sanra, ó ti dé orókún mi.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ti sọ sí mi lọ́kàn: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Mo ju kùmọ̀ nù. Mo bọ́ ẹ̀wù gbérí ọdẹ ọrùn mi, mo tẹ́ ẹ lé etí rẹ̀, etí o, n kò lọ sí àárín, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. N kò ra á. N kò fà á. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé e, mo yí ibi tí ó mọ́ sí i, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín rẹ̀ dákẹ́. Gbérí ń mu ún bí ilẹ̀ gbígbẹ ti í mu òjò.

"Ta ló kọ́ ọ?" ni ó ké, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín.

"Ìwọ náà ni, aláṣejù. Ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ kí a lu òun, ìnà ni oúnjẹ rẹ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi padà di imí àgbọ̀nrín, mo yí gbérí mọ́ ọn, mo sọ ọ́ sínú ihò ọ̀kẹ́rẹ́, mo sì fi òkúta dí i. Tíṣà, ṣé o gbọ́ ibi yẹn? Ó gbé ọwọ́ kúrò láyà. Ó dára, orí rẹ kì í ṣe àgbọn tán.

Mo jáde ní igbó náà sí oríta kan. Ẹni tí mo bá níbẹ̀, bàbá arúgbó ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó jókòó ti ìkòkò tí ń hó yaya. "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi," ni ó wí. "Pẹ̀lẹ́ o, ó rẹ̀ ọ́. Wá yáná. Ẹrù wo lo rù? Háà, tàdáwà! Pẹ̀lẹ́ o. Gbé e wá kí n bá ọ bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná yìí, wéré báyìí ni, kí o padà lọ bá àbúrò rẹ."

Èmi tí mo ń ta adùn ni mo wá ń gbọ́ adùn ẹlòmíràn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi. Mo ti tú ẹrù dé ìdajì. Ni mo bá gbé ojú sókè. Aṣọ ni wọ́n sá sí orí gbogbo igi oríta yẹn: bùbá, ṣòkòtò, ìbora, aṣọ ìkélé, aṣọ tí a fi ń tẹ́ tábìlì. Àbàwọ́n wà lára gbogbo wọn. Bí mo ti ń wò wọ́n ni àbàwọ́n lára ìbora kan ṣẹ́jú sí mi. Ojú ènìyàn ni! Ẹnu rẹ̀ ń mì, ó ń wí láìní ohùn pé, "Má gbé e fún un. Ó sè wá mọ́ inú aṣọ."

"Bàbá," ni mo wí, "ẹ ṣeun, aṣọ mi kò fẹ́ omi gbígbóná. Ó ti wẹ̀ ẹ́ rí nílé, ohun tí ó sì bí kò dára."

Irùngbọ̀n funfun já bọ́. Kì í ṣe irun rárá, ooru omi híhó ni. "Pẹ̀lẹ́ o!" ni ó ń pariwo bí ó ti ń lé mi, "Pẹ̀lẹ́ o! Pẹ̀lẹ́ o!" ó sì ń fi igbá da omi híhó tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Ẹ wo ojúgun mi níbí. Ìyá Mọ́ṣù, má fọwọ́ kàn án! Ẹ̀bùn tí ẹni tí ó pè mí ní ọmọ fún mi nìyẹn.

Mo sá dé ẹnu ibodè Ìlú Ìkanra. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ àti ogi kíkan gbà mí nímú. Oníbodè jókòó, ojú rẹ̀ rọ́ bí ẹni tí ó ń jẹ orógbó tí kò tíì gbó. Mo ní ibi tí ẹnu mi yóò ti wúlò rè é. Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ibodè o, bàbá mi, ẹni iyì. Orí yín á máa fún yín ní ire."

Ó fò sókè bí ẹni tí èèrùn ta. "Ẹ gbà mí o! Àlejò yìí kí mi! Ó súre fún mi! Kí ni mo fi ṣe é?" Àwọn ará ìlú tú jáde pẹ̀lú ọ̀pá. Ní ìlú yẹn, èébú ni ìkíni wọn. Ẹni tí ó bá súre fún ọ, ó ń tàn ọ́ jẹ ni. Wọ́n nà mí bí ìgbà tí à ń pa ẹ̀gúsí, wọ́n wọ́ mi dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí ó ń ṣe olórí wọn. Ó ti gbó, awọ ojú rẹ̀ sún bí ọsàn tí wọ́n gbàgbé sórí àjà.

"Ìwọ orí ahun," ni ó fi kí mi, "kí lo wá jẹ níbí?"

Mo la ẹnu láti wí pé ẹ kú àgbà, ọ̀pá gbà mí létí. Ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. "Ìwọ ìyá arúgbó tí eyín fi sílẹ̀ láìdágbére," ni mo wí, "tàdáwà ni mo gbé wá, bí ojú rẹ bá ṣì ríran."

Gbogbo ìlú mí kanlẹ̀. "Ó mọ ìwà hù díẹ̀," ni ó wí. "Jókòó, aláìníláárí. Dá mi lóhùn. Kí ni ó ń mú ojú rọ́, tí ó sì ń mú aṣọ rẹ́rìn-ín?"

"Òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí n mí láti ibodè: ọsàn wẹ́wẹ́."

"Kí ni ó sùn sínú ìkòkò títí ó fi bínú, tí àgbàdo ni ìyá tí ó bí i?"

"Omi ogi kíkan. Ìbéèrè ọmọdé lo ń bi ọdẹ."

Ó súnmọ́ mi. "Kí ni ó jẹ́ pé bí a bá lù ú, ó ń sanra, bí a bá fara balẹ̀ fún un, ó ń rù?"

Ìka ọwọ́ mi ṣì dúdú fún Ìrànká. Mo nà án sí i lójú. "Àbàwọ́n ni. Mo bá baba wọn jà lọ́nà."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kan ju ojú rẹ̀ lọ. "A ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kíkan kì í gbé inú ilé kan pẹ̀lú adùn. Ẹni tí ó bá mú omi wa jáde, yóò fi adùn tirẹ̀ sílẹ̀. Níbo ni tìrẹ wà?"

Mo mọ ohun tí ó ń béèrè. Ẹ̀yin ará, mo dúró. Èmi tí mo fi ẹnu jẹ, tí mo fi ẹnu gba ìyàwó, tí mo fi ẹnu dá ogun dúró! Mo rántí ọwọ́ Àwẹ̀ró, ọwọ́ tí ó fi ń fún mi lómi nígbà ibà. Mo la ẹnu. Obìnrin náà fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo sí ahọ́n mi. Ohun kan bí oyin yọ́ kúrò níbẹ̀, ó já bọ́ sílẹ̀, eèrà ìlú yẹn kò tilẹ̀ tọ́ ọ wò.

"Ó yá, tẹ́ aṣọ," ni ó wí. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀bọ! Fi àkísà sí abẹ́ rẹ̀ ná. Omi tútù, má jẹ́ kí n rí èéfín. Rẹ ẹ́ sínú omi ogi kí ó mu ún yó. Fún ọsàn lé e, wọ́n iyọ̀ sí i. Tẹ̀ ẹ́! Mo ní tẹ̀ ẹ́, ta ló ní kí o ra á? Láti etí wá sí àárín, bí ẹni ń da màlúù wọ ọgbà. Pa àkísà abẹ́ dà, àbí o fẹ́ kí aṣọ tún gbé èébì ara rẹ̀ mì?"

Omi eérú Ìyá Ọ̀ṣúnlékè ti jẹ́ kí ó rinlẹ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan kò tó o. Mo tẹ́ ẹ sórí koríko fún oòrùn, oòrùn ìlú yẹn tí inú ń bí láti àárọ̀. Dúdú di eérú. Mo tún rẹ ẹ́, mo tún fún un ní ọsàn. Eérú di àwọ̀ ìyeyè. Wọ́n ń bú mi, èmi náà ń bú wọn, iṣẹ́ sì ń lọ. Nígbà tí ó yá, mo wá àbàwọ́n tì, òwú funfun nìkan ni mo rí. "Fi omi tútù ṣan kíkan kúrò pátápátá," ni obìnrin náà wí, "bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò jẹ òwú. Kó o, máa lọ, má padà wá, olórí burúkú." Bí wọ́n ti í dágbére fún àyànfẹ́ níbẹ̀ nìyẹn.

Dúró, Àdìgún! Má sá lọ wá ọsàn! Tàdáwà inú ìgò ni mo sọ. Ti báírò tìrẹ ní ọ̀rá nínú, ọsàn kò ní rí tirẹ̀ ṣe. Ògógóró ni kí o rọ sórí òwú kí o máa fi tẹ̀ ẹ́, àkísà lábẹ́, má sì gbé ìyókù dà sí ọ̀fun. Ẹ̀yin obìnrin, bí ó bá jẹ́ aṣọ aláwọ̀ ni tàdáwà dà sí, ẹ kọ́kọ́ dán ọsàn wò ní ìṣẹ́tí rẹ̀ níbi tí ojú kò tó, kí ọsàn má baà bó àwọ̀ aṣọ bí ẹni bó iṣu. Mo ti wí tèmi. Ẹni a wí fún, ọba jẹ́ ó gbọ́.

Mo dé ilé. Dúdú ti gba apá Àwẹ̀ró tán, ó ti dé egungun ọrùn, ó sì ń yí bọ̀ wá sí àyà. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú nìkan ni ó ń ṣí. A fi aṣọ wé igi Ògúnjìmí, a gbé e dé ẹnu igbó, a gbé Àwẹ̀ró náà lórí ẹní lọ síbẹ̀. Aṣọ ń tàn bí ẹ̀gbọ̀n òwú. A dúró kí dúdú padà.

Kò padà. Ó kàn dúró sójú kan, bí ẹni tí ó ń fetí sílẹ̀.

Kí ni ó ń gbọ́? Àkànó àti Àlàó! Láti ìgbà tí mo ti lọ ni wọ́n ti jókòó ti igi náà, tí wọ́n ń yìn ín kí ó má baà bá wọn jà nítorí tàdáwà. "Ògúnjìmí, ọ̀kan ṣoṣo àjànàkú!" ni Àkànó ń wí. "Ẹ̀gbọ́n tí kò ní ẹlẹ́gbẹ́," ni Àlàó gbè é, "ọdẹ tí ẹranko ń tò wá fún!"

Olúọdẹ fọwọ́ kàn mí. "Àna ni í dágbére fún òkú. Ọdẹ́gbàmí, ẹnu rẹ la gbójú lé. Fi ọ̀rọ̀ dídùn ṣí i nídìí."

Mo la ẹnu láti ki í. Mo wá "akin" nínú ẹnu mi, n kò rí i. Mo wá "ọ̀rẹ́ mi", ó ti lọ. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ló jáde.

"Ògúnjìmí, ọ̀lẹ! Ọdẹ wo? Ẹtu tí wọ́n fi ń yìn ọ́ yẹn, èmi ni mo ta á, ìwọ ń sùn lábẹ́ igi, o ń han-anrun tó bẹ́ẹ̀ tí ìkookò fi bínú kúrò nítòsí. Oyin ta ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o sunkún dé ilé. O jẹ iṣu tèmi, o ní ọ̀yà ló jẹ ẹ́. O kú tán, o fi àbúrò mi sílẹ̀ fún igún méjì yìí, o wá jókòó sẹ́nu igbó, o ń gba ìyìn bí ọkọ ìyàwó. Ta ní í jẹ́ dìde níbi tí wọ́n ti ń yìn ín? Tú ọwọ́ rẹ lára rẹ̀! A ti fọ aṣọ rẹ, ó mọ́ ju ìwà rẹ lọ. Gbéra, kí o máa lọ!"

"Pa ẹnu rẹ mọ́!" ni Àkànó ké. "Ó fẹ́ pa wá!" Àlàó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

Igi náà mì. A gbọ́ ohùn nínú rẹ̀, ohùn tí a mọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín àrínwúkọ́. "Ọ̀yà ló jẹ iṣu yẹn, Ọdẹ́gbàmí," ni ó wí. "Títí dé ọ̀run, n óò máa wí i." Igi náà ṣubú lulẹ̀, igi lásán. A rí funfun kan láàárín igi igbó, ó ń lọ, kò wẹ̀yìn, ó sì ń tàn fún ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí ojú wa kò fi rí i mọ́.

Nígbà náà ni dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lára Àwẹ̀ró: láti ọrùn sí èjìká, láti èjìká sí ìgúnpá, láti etí rẹ̀ wá, jẹ́jẹ́, títí ó fi kán sílẹ̀ ní orí ìka kékeré, ilẹ̀ sì mu ún. Ó jókòó. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo fẹ́ wí pé o kú ewu, èébú ló sáré sẹ́nu mi, mo bá di ẹnu mú.

Ó wo ojú mi. Ó gbé ọwọ́ tí ó ti mọ́ yẹn sókè, ó fi gbá mi létí pàá, àwọn ẹyẹ igbó fò.

"Aláìnítìjú!" ni ó wí, ohùn rẹ̀ le bí ti ìyá wa. "Ta ló ní kí o máa bú ọkọ mi láwùjọ?"

Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi wa iṣu tuntun. Ó ń kọjá níwájú ilé mi, ó ń pòṣé, ó ń fi ọwọ́ náà bú mi láìla ẹnu. Ojoojúmọ́ ni mo ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà retí òṣé yẹn, nítorí òṣé alààyè ni.

Mo ti pa ẹnu dé. Ẹ dìde lórí ẹní mi, kí kálukú gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó wúwo yẹn gba ilé lọ; ilẹ̀kùn tí ẹ ṣí wọlé, ẹ tì í bí ẹ bá ń jáde.